Ohun tí Ẹ̀rọ Kò Lè Mọ̀, àti Ohun tí Àwa Lè Ṣe

Ọ̀rọ̀ tí alákòóso ẹ̀ka ọ̀dọ́ bá ìpàdé ẹgbẹ́ sọ. A kọ ọ́ síbí fún àwọn ọmọ Agbabu tí ààyè kò gbà láti wá.

   Ẹ̀yin ọ̀dọ́ ẹgbẹ́ mi, mo rí yín lẹ́yìn níbẹ̀ yẹn, ẹ sún mọ́ iwájú.

Wọ́n ní kí n wá sọ ohun tí mò ń kọ́ ní yunifásítì. Mo mọ ìdí rẹ̀. Ìgbàkigbà tí mo bá wálé, kí n tó sọ̀ lórí ọ̀kadà tán, ẹnì kan á ti na fóònù sí mi: "Ìwọ tó ń ka kọ̀ǹpútà, bá mi wo èyí, kì í gba ṣájà mọ́." Ẹ má bínú o, mi ò mọ fóònù ún tún ṣe. Àwọn tó ń tún un ṣe ní Ọ̀rẹ̀ mọ̀ ọ́n jù mí lọ dáadáa. Ohun tí àwa ń kọ́ yàtọ̀, kọ́ọ̀sì kan sì wà nínú rẹ̀ tó fi ìyàtọ̀ yẹn hàn ju gbogbo ìyókù lọ. Òun ni mo fẹ́ sọ lónìí. Mo sì ní ẹ̀bẹ̀ kan tí mo máa bẹ yín nígbẹ̀yìn, inú kọ́ọ̀sì náà ló ti jáde.

Kọ́ọ̀sì tí ẹnikẹ́ni ò tan kọ̀ǹpútà

Orúkọ rẹ̀ lórí ìwé gùn, àmọ́ Automata ni àwa akẹ́kọ̀ọ́ ń pè é. 300 level ni mo ti ṣe é. Láti ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ títí dé ìdánwò, ẹnikẹ́ni ò tan kọ̀ǹpútà. Pátákó, ṣọ́ọ̀kì, bírò àti ìwé ni. Àwọn ẹlẹgbẹ́ mi kan ń kùn: "Ṣé torí èyí la ṣe ra láptọ́ọ̀pù?" Ìbéèrè mẹ́ta péré ni kọ́ọ̀sì náà ń bi wá. Kí ni ẹ̀rọ lè ṣe? Kí ni kò lè ṣe láéláé, bó ti wù kó lágbára tó? Kí ló lè ṣe, àmọ́ tó máa pẹ́ débi pé kò ní wúlò fún ẹnikẹ́ni?

Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti ibi tó rọrùn. Gbogbo yín lẹ mọ ATM. Bí o bá tẹ PIN tí kì í ṣe tìrẹ lẹ́ẹ̀kan, á ní kó o tún un tẹ̀. Lẹ́ẹ̀kejì, bákan náà. Lẹ́ẹ̀kẹta, ó ti ti káàdì pa. Ẹ̀rọ yẹn ò mọ̀ ẹ́, kò mọ̀ bóyá olè ni ẹ́ tàbí arúgbó tó gbàgbé. Ohun kan ṣoṣo ló mọ̀: ìdúró wo ni mo wà báyìí? Ìdúró "kò tíì ṣì í", ìdúró "ó ti ṣì í lẹ́ẹ̀kan", "lẹ́ẹ̀mejì", "mo ti tì í". Irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ là ń pè ní finite automaton. Ìdúró rẹ̀ níye, kò sì rántí ohun mìíràn.

Ibi tó ti wá dùn ni pé a lè fi ẹ̀rí hàn pé iṣẹ́ kan wà tí irú ẹ̀rọ yẹn ò lè ṣe. Ẹ jẹ́ ká ní a fi ọmọ kan sí etí odò Oluwa. Wọ́n ń kó àpò gàrí sínú ọkọ̀, tó bá yá wọ́n máa kó o jáde. Iṣẹ́ ọmọ yìí ni kó sọ bóyá iye tó wọlé náà ló jáde. Kò gbọdọ̀ kọ ọ́ sílẹ̀, ìka ọwọ́ rẹ̀ 10 nìkan ló ní. Bí àpò bá jẹ́ 8, ó mọ̀ ọ́n. Bó bá di 11, ìka ti tán, kò lè mọ ìyàtọ̀ láàárín 11 àti iye mìíràn mọ́. Ẹ fún un ní ìka 1,000, ẹ kó àpò 1,001 wá, wàhálà kan náà ni. Níwọ̀n ìgbà tí ohun tó fi ń rántí bá ti níye, tí àpò ò sì níye, ọjọ́ kan ń bọ̀ tó máa ṣì í. Kì í ṣe pé ọmọ náà ya ọ̀lẹ. Bí wọ́n ṣe dá a ni kò gbà á.

Ẹ̀rọ aríran àti Olóríkunkun

Lọ́dún 1936, ọ̀dọ́mọkùnrin kan ní Cambridge, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tó ń jẹ́ Alan Turing, kọ ìwé kan lórí ọ̀rọ̀ yìí. Kò tíì pé ọmọ ọdún 25. Irú kọ̀ǹpútà tí a mọ̀ lónìí ò sí nígbà yẹn rárá. Ó kàn fọkàn ya àwòrán ẹ̀rọ kan tó ní téèpù gígùn tí kì í tán, tó lè kọ nǹkan sí i, tó lè pa á rẹ́, tó lè lọ síwájú tàbí sẹ́yìn. Títí di òní, a ò tíì rí ìṣirò kan tí kọ̀ǹpútà ń ṣe tí ẹ̀rọ orí ìwé yẹn ò lè ṣe. Lọ́dún kan náà, ọ̀jọ̀gbọ́n ará Amẹ́ríkà kan, Alonzo Church, gba ọ̀nà mìíràn dé ibi kan náà.

Turing wá béèrè pé: ṣé a lè kọ́ ẹ̀rọ aríran kan, tó jẹ́ pé ètò kọ̀ǹpútà èyíkéyìí tí a bá gbé fún un, á sọ fún wa bóyá ètò náà á parí iṣẹ́ rẹ̀ tàbí á máa yí po títí ayé? Ẹ ò rí i pé irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ á wúlò. Fóònù tó ń yí róbótó-róbótó lójú yín, á sọ fún yín bóyá kẹ́ ẹ dúró tàbí kẹ́ ẹ pa á.

Ẹ wo bó ṣe dáhùn. Ó dáa, ẹ jẹ́ ká gbà pé aríran náà wà, kì í sì í ṣì í. Èmi náà á wá kọ ètò kan, màá pè é ní Olóríkunkun. Olóríkunkun á gbé ara rẹ̀ lọ síwájú aríran, á bi í pé: "Èmi ńkọ́, ṣé màá parí?" Bí aríran bá ní "Wàá parí," Olóríkunkun á bẹ̀rẹ̀ sí í yí po, kò ní dúró mọ́. Bí aríran bá ní "O ò ní parí," á dúró lójú ẹsẹ̀. Èyí tó wù kí aríran sọ, ó ti ṣì í. Bẹ́ẹ̀ a ti sọ pé kì í ṣì í. Nítorí náà, aríran yẹn ò sí, kò sì lè sí, ì báà ṣe ní Amẹ́ríkà tàbí ní Ṣáínà, ì báà ṣe lẹ́yìn 1,000 ọdún.

Ẹ má ṣì mí gbọ́ o. Ètò púpọ̀ wà tí ojú lásán á fi mọ̀ pé ó máa parí. Ohun tí Turing sọ ni pé kò sí ọ̀nà kan ṣoṣo tó máa ṣiṣẹ́ fún gbogbo wọn. Lálẹ́ ọjọ́ tí wọ́n kọ́ wa ní èyí, èmi àti àwọn tá a jọ ń gbé yàrá kò sùn. A tan tọ́ọ̀ṣì fóònù torí iná ò sí, a ń wá ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti jò. A wá a títí, a ò rí ihò. Mo sọ fún yín, ó dùn mọ́ mi. Fún ìgbà àkọ́kọ́, mo mọ nǹkan kan tí kì í ṣe pé olùkọ́ ló ní kí n gbà. Èmi fúnra mi lè dìde lóru kí n fi ẹ̀rí rẹ̀ hàn.

Ṣé ti òyìnbó nìkan ni?

Àwọn kan á ní ìmọ̀ òyìnbó ni. Lọ́dún 1983, Ọ̀jọ̀gbọ́n Olu Longe ní Yunifásítì Ìbàdàn, ọ̀kan lára àwọn aṣíwájú ẹ̀kọ́ kọ̀ǹpútà ní Nàìjíríà, dìde láti sọ ọ̀rọ̀ àkọ́sọ tí ọ̀jọ̀gbọ́n máa ń sọ níwájú gbogbo yunifásítì. Ifá àti kọ̀ǹpútà ló fi ṣe àkòrí. Mi ò pe ẹnikẹ́ni sí ẹ̀sìn kankan o. Pásítọ̀ wa àti àáfà wa, ẹ fara balẹ̀. Ìṣirò ni mò ń sọ. Ọ̀pẹ̀lẹ̀ ní ojú 8, ọ̀kọ̀ọ̀kan lè dojú dé tàbí kó ṣí. Ẹ fi 2 lọ́po ara rẹ̀ nígbà 8, ẹ máa rí 256. Odù 256 nìyẹn. Kọ̀ǹpútà náà, ààyè 8 ló máa ń tò pọ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ 0 tàbí 1, iye tó lè tibẹ̀ jáde jẹ́ 256. Àwọn baba wa ti ń ka nǹkan báyìí kí ẹnikẹ́ni tó gbọ́ orúkọ kọ̀ǹpútà. Nítorí náà, kí ọmọ wa kankan má sọ pé orí òun ò lè gbé e.

Ohun tó ṣeé ṣe, àmọ́ tí kò lè tètè tán

Ìbéèrè kẹta ni mo fẹ́ yára sọ. Ìyá aláta kan fẹ́ ná ọjà 10, ó fẹ́ mọ bó ṣe máa tò wọ́n tẹ̀ léra kí owó ọkọ̀ lè mọ níwọ̀n. Ọ̀nà tó lè gbà tò wọ́n jẹ́ 3,628,800. Kọ̀ǹpútà á yẹ gbogbo rẹ̀ wò kẹ́ ẹ tó sín tán. Àmọ́ bí ọjà bá di 20, ọ̀nà náà á lé ní 2,432,902,000,000,000,000. Ẹ̀rọ tó ń yẹ bílíọ̀nù 1 wò ní ìṣẹ́jú àáyá kọ̀ọ̀kan á lò tó ọdún 77. Ìyá aláta á ti lọ, ata á ti jẹrà. Ọgbọ́n mìíràn wà tó ń dín in kù, àmọ́ títí di òní, kò sẹ́ni tó rí ọ̀nà tó yá tó máa bá gbogbo irú rẹ̀ mu nígbà gbogbo, kò sì sẹ́ni tó fi ẹ̀rí hàn pé ọ̀nà náà ò sí. Láti ọdún 1971 tí Stephen Cook ti gbé ìbéèrè yìí kalẹ̀ ló ti wà nílẹ̀. Lọ́dún 2000, Clay Mathematics Institute fi mílíọ̀nù 1 dọ́là sílẹ̀ fún ẹni tó bá yanjú rẹ̀. Owó náà ṣì wà níbẹ̀ o, ẹ̀yin ọ̀dọ́.

Ibi tí bàtà ti ń ta wá lẹ́sẹ̀

Ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́. Ọ̀pọ̀ ló ṣubú nínú kọ́ọ̀sì yìí. Mo wò ó, kì í ṣe àìlọ́pọlọ. Ní sẹ́kọ́ńdìrì, wọ́n kọ́ wa ní fọ́múlà, wọn ò kọ́ wa ní "kí ló dé". Iléèwé tí èmi ti jáde, mi ò ní dárúkọ rẹ̀, odidi ọdún kan la fi wà láìní olùkọ́ ìṣirò. Àwa akẹ́kọ̀ọ́ la ń kọ́ ara wa. Irú ọmọ bẹ́ẹ̀ á dé yunifásítì, wọ́n á ní "fi ẹ̀rí hàn", kò ní mọ ibi tó máa ti bẹ̀rẹ̀. Àwọn tó wá láti iléèwé olówó ti ṣe é rí. Ìyàtọ̀ tó wà láàárín wa ò jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Mo mọ̀ pé àwọn ọ̀dọ́ kan ń sọ lọ́kàn wọn pé tíọ́rì ò ń sanwó, àti pé àwọn kan wà tí wọn ò ka ìwé kankan tí wọ́n ń gun mọ́tò. A mọ ohun tí wọ́n ń ṣe, a sì mọ ibi tí ọlọ́pàá ti ń gbé wọn. Kọ́ọ̀sì yìí ò tíì fún mi ní kọ́bọ̀, mi ò ní purọ́. Àmọ́ ó ti jẹ́ kí n mọ ìyàtọ̀ láàárín ohun tí kò ṣeé ṣe, ohun tó ṣòro, àti ohun tí ẹnì kan kàn ń fi tàn wá.

Èyí ló gbé mi dé ọ̀rọ̀ ìlú wa. Láti bí ọdún 1908 ni Nigerian Bitumen Corporation ti ń gbẹ́ ilẹ̀ agbègbè wa yìí nítorí bitumen. Ogun àgbáyé kìíní dé lọ́dún 1914, iṣẹ́ dúró. Láti ìgbà náà, ìjọba dé, ìjọba lọ, wọ́n ní ó ti kù díẹ̀. Àwọn bàbá bàbá wa dúró dè é. Ṣé ó máa parí ni àbí ó kàn ń yí po? Èmi ò mọ̀, ẹ̀rọ aríran sì ti sọ pé òun ò sí.

Àmọ́ ẹ gbọ́ ohun tí àwọn tó ń kọ ètò kọ̀ǹpútà máa ń ṣe. Nígbà tí wọn ò bá mọ̀ bóyá nǹkan á parí, wọ́n á fi aago sí i. POS yín kì í dúró de báǹkì títí ayé. Bí àkókò bá pé tí báǹkì ò dáhùn, á fi í sílẹ̀. Mi ò ní ká má bèèrè ẹ̀tọ́ wa lórí bitumen. Ohun tí mo ní ni pé ká má fi ẹ̀kọ́ àwọn ọmọ wa dúró dè é.

Ẹ̀bẹ̀ mi rèé. Ẹ̀ka ọ̀dọ́ fẹ́ ṣe kíláàsì ìṣirò fún àwọn ọmọ SS1 dé SS3 nígbà ọlidé gígùn, ọ̀sẹ̀ 6, àárọ̀ ọjọ́ 3 lọ́sẹ̀. Ohun mẹ́ta la fẹ́: ibi tí a máa lò, owó máákà àti ìwé, àti kí ẹ̀yin ọmọ ìlú tí ẹ ti gboyè fi ọ̀sẹ̀ kọ̀ọ̀kan sílẹ̀ wá kọ́ wọn. Ẹni tí kò lè wá, kó fi fídíò ránṣẹ́. A máa kọ́ wọn ní "kí ló dé". Ẹni tó fẹ́ ṣe nọ́ọ̀sì, ẹni tó fẹ́ ṣòwò, ẹni tó fẹ́ ṣe iṣẹ́ ọkọ̀, gbogbo wọn ló máa lò ó.

Àwa náà á fi aago sí tiwa. Ní ìpàdé oṣù December, màá mú ìwé orúkọ wá síwájú yín. Bí ọmọ tó wá déédéé kò bá pé 15, ẹ fòpin sí i, ẹ fi owó tó kù ṣe nǹkan mìíràn, mi ò ní bínú. Bí wọ́n bá pé, ẹ jẹ́ ká tún un ṣe lọ́dún tó ń bọ̀. Mo bẹ alága pé kí ìpàdé yìí dáhùn lónìí kí a tó túká, bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́.

 Ọlọ́run á jẹ́ kí ilé san wá, á sì jẹ́ kí ojú wa rí ire àwọn ọmọ wọ̀nyí. Agbabu á gòkè o.