Ọyẹ́ Ọjà-Ọba àti Ayé tí Oòrùn Kì í Wọ̀

Kò sí òǹwòran tí ó gbé Ìlọrin tí kò mọ bí Ọjà-Ọba ti ń rí lásìkò ọyẹ́. Ní ọ̀sán gangan, oòrùn wà lókè, ṣùgbọ́n bí òṣùpá ni ó ń rí lójú, nítorí eruku aṣálẹ̀ Sàhárà ti bò ó. Àwọn aláṣọ ń gbọn ọjà wọn. Ètè ń sán. Láti ọdún 1998 ni wọ́n ti fi ẹ̀rọ sí Yunifásítì Ìlọrin láti wọn bí eruku náà ti ń dí ìmọ́lẹ̀ oòrùn tó.

Eruku yìí kan àwọn tí ń ṣe eré òfuurufú sínú kọ̀ǹpútà ju bí wọ́n ti rò lọ. Nínú irú eré bẹ́ẹ̀, ẹni tí ń ṣeré lè dé ayé kan tí ó kọ ojú kan ṣoṣo sí ìràwọ̀ tí ó ń yí po, gẹ́gẹ́ bí òṣùpá ti kọ ojú kan ṣoṣo sí wa. Ọ̀sán kì í tán ní apá kan; ilẹ̀ kì í mọ́ ní apá kejì. (Bí ọjà yóò ti mọ ìgbà tí ó yẹ kí ó tú níbẹ̀, ọ̀ràn mìíràn nìyẹn.) Ó ṣeé ṣe kí Proxima Centauri b, tí àwọn onímọ̀ kéde rẹ̀ ní ọdún 2016, jẹ́ ọ̀kan nínú wọn. Ẹni tí ó ṣètò eré sábà máa ń fi iná sí apá kan, yìnyín sí apá kejì, ó parí.

Èyí tọ́ bí kò bá sí afẹ́fẹ́ níbẹ̀ rárá. Bí afẹ́fẹ́ bá wà, ọ̀tọ̀ ni. Ní ọdún 1997, Joshi àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi ìṣirò hàn pé afẹ́fẹ́ tí ó nípọn tó lè kó ooru lọ sí apá òru. Ní ọdún 2020, Ian Boutle àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fi eruku kún irú ìṣirò bẹ́ẹ̀. Wọ́n rí i pé eruku a máa dí oòrùn ní apá ọ̀sán, ibẹ̀ a sì tutù díẹ̀. Bí ó bá dé apá òru, a bo ilẹ̀ bí aṣọ, kì í jẹ́ kí ooru tètè sá lọ.

Àwọn kan yóò wí pé eré ni eré ń jẹ́. Bẹ́ẹ̀ ni, ṣùgbọ́n ọmọ tí ń fi ṣeré ń kọ́ ẹ̀kọ́ nínú rẹ̀, olùkọ́ rẹ̀ ìbáà fẹ́, ìbáà kọ̀. Ẹni tí ń ṣètò rẹ̀ kò ní láti ṣe gbogbo ìṣirò Boutle. Kí ó ṣáà bi ara rẹ̀ bí afẹ́fẹ́ ayé náà ti nípọn tó, àti bóyá òkun ni ó bo gbogbo rẹ̀, tí eruku kò fi ní sí, tàbí ilẹ̀ gbígbẹ wà níbẹ̀. Ní ti àwọ̀ tí yóò kun sánmà rẹ̀, kí ó lọ dúró ní Ọjà-Ọba ní ọ̀sán ọjọ́ kan nínú oṣù kìn-ín-ní ọdún, kí ó gbójú sókè.