Ẹ Dí Ihò Síǹkì àti Ti Balùwẹ̀ Kí Omi Tó Dé

Tí wọ́n bá ti tú omi sílẹ̀ ní ìsédò Ọ̀yán, tí odò Ògùn sì kún, ẹnu ọ̀nà ni gbogbo wa máa ń ṣọ́. Àmọ́ sọ́kàwéè tó ti kún lè ti omi ìdọ̀tí gba ihò balùwẹ̀ wọlé kí tìta tó dé ẹnu ọ̀nà. Torí náà, ihò ilẹ̀ balùwẹ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ dí, òun ló wà nísàlẹ̀ jù.

Rọ́bà ìdí síǹkì dára, ṣùgbọ́n omi tó wà lókè ni wọ́n ṣe é fún. Tí omi bá ń tì í láti ìsàlẹ̀, á fò jáde ni. Ẹ gbé àpò iyanrìn lé e. Ẹni tí kò bá ní rọ́bà, kó fi náílọ́ọ̀nù wé àkísà, kó kì í mọ́ ihò náà dáadáa. Àkísà lásán kọ́ o, omi á gba inú ẹ̀ kọjá. Tí ẹ bá ti dí i, ẹ má da omi síbẹ̀ mọ́.

Ẹ̀yin tí ẹ ń padà sí Ajégúnlẹ̀ àti Mile 12, ẹ má tíì yọ ọ́ lọ́jọ́ tí ẹ bá délé. Ẹ wo sọ́kàwéè ná. Tó bá ti fà, ẹ wọ ìbọ̀wọ́, kí ẹ rọra yọ ọ́. Ẹ da àkísà nù. Rọ́bà ni kí ẹ fi ọṣẹ fọ̀, kí ẹ rẹ ẹ́ sínú omi tí ẹ fi Jik sí, kó tó padà síbi tí ẹ ti ń fọ abọ́.