Adìẹ Mẹ́rin ní Ẹ̀hìnkùlé

Ọ̀rọ̀ adìẹ ni mo bá wá lónìí. Ẹ má rẹ́rìn-ín. Odindi ìgbìmọ̀ ìlú kan ti jókòó lórí ọ̀rọ̀ adìẹ rí.

Madison ni orúkọ ìlú náà. Amẹ́ríkà ni ó wà, òun sì ni olú-ìlú ìpínlẹ̀ Wisconsin. Ènìyàn 20 ni ó wà nínú ìgbìmọ̀ ìlú wọn. Àdúgbò kọ̀ọ̀kan ni ó ń dìbò yan tirẹ̀. Ọdún 2004 ni ọ̀rọ̀ yìí dé iwájú wọn.

Ó lè yà yín lẹ́nu pé ènìyàn ní láti tọrọ àyè kí ó tó sin adìẹ. Lọ́dọ̀ tiwa, a ó so àkísà pupa mọ́ ọn lẹ́sẹ̀ kí a lè dá a mọ̀, yóò sì máa jẹ̀ kiri. Bí ilẹ̀ bá ṣú, yóò wá sílé fúnra rẹ̀. Ṣùgbọ́n ní ìlú ńlá lọ́hùn-ún, òfin ni ó ń sọ ohun tí a lè fi ilẹ̀ ṣe: ìhín fún ilé gbígbé, ọ̀hún fún ọjà, ibòmíràn fún oko. Ohun oko ni wọ́n ka adìẹ sí. Bẹ́ẹ̀ sì ni, nígbà ogun àgbáyé kìn-ín-ní, ìjọba Amẹ́ríkà fúnra rẹ̀ ni ó lẹ ìwé kiri pé kí àwọn ènìyàn sin adìẹ sí ẹ̀hìnkùlé, àgbébọ̀ 2 fún ẹnì kọ̀ọ̀kan tí ń bẹ nínú ilé. Nígbà ogun, adìẹ dára. Nígbà tí oúnjẹ pọ̀ lọ́jà, adìẹ di ẹlẹ́gbin. Ayé mà nìyẹn!

Àwọn kan ní Madison ń sin adìẹ ní ìkọ̀kọ̀. Ṣùgbọ́n ta ni ó lè fi adìẹ pamọ́? Bí àgbébọ̀ bá yé ẹyin tán, ṣebí yóò ké ni. Ẹni tí ó ń sìn ín ń bẹ̀rù kí aládùúgbò má fi ẹjọ́ òun sùn. Adìẹ bà lókùn, ara ò rọ okùn, ara ò rọ adìẹ. Nígbà tó yá, wọ́n kó ara wọn jọ, wọ́n sì ń bẹ ìgbìmọ̀ pé kí wọ́n yí òfin padà.

Níbi gbogbo tí irú ọ̀rọ̀ yìí bá ti ṣẹlẹ̀, ohun mẹ́rin ni ó máa ń ba aládùúgbò lẹ́rù: ariwo, òórùn, eku àti àrùn. Ẹ má fojú kéré wọn. Ẹni tí ó ṣiṣẹ́ òru, tí ó fẹ́ sùn láàárọ̀, àkùkọ kì í ṣe ọ̀rẹ́ rẹ̀. Oúnjẹ adìẹ tí a dà sílẹ̀ ni eku ń wá. Ní ti àrùn, adìẹ tí ara rẹ̀ dá ṣáṣá lè ní kòkòrò sàlmọ́nẹ́là nínú ìgbẹ́ rẹ̀. Bí ọmọdé bá fọwọ́ kàn án, tí ó sì fi ọwọ́ náà jẹun, inú rírun àti ìgbẹ́ gbuuru lè tẹ̀ lé e. Ọṣẹ àti omi ni kí a fi fọ ọwọ́.

Ìgbìmọ̀ gbà níkẹyìn, ṣùgbọ́n wọ́n fi ààlà sí i. Adìẹ kò gbọdọ̀ ju 4 lọ nígbà náà. Inú ilé adìẹ tàbí inú ọgbà ni kí wọ́n wà. Ilé adìẹ náà gbọdọ̀ jìnnà sí ilé aládùúgbò tó ẹsẹ̀ bàtà 25. Àkùkọ? Rárá o!

Mo mọ̀ pé ẹnì kan yóò bi mí pé, “Bí kò bá sí àkùkọ, níbo ni ẹyin yóò ti wá?” Yóò wá. Àgbébọ̀ kì í dúró de àkùkọ kí ó tó yé. Ẹyin náà kò ní di òròmọdìẹ ni, ṣùgbọ́n adùn rẹ̀ kò dín.

Òfin kan kù tí kò tíì yé mi tán: wọn kò gbọdọ̀ pa adìẹ náà síbẹ̀. Àgbébọ̀ a máa yé dáadáa fún bí ọdún 2 tàbí 3, lẹ́yìn náà ẹyin rẹ̀ á dín. Kí ni olówó rẹ̀ yóò wá ṣe? Bóyá torí aládùúgbò tí kò fẹ́ rí ẹ̀jẹ̀ ni. Èmi ò bá wọn fọwọ́ sí èyí, àmọ́ ìlú wọn ni.

Ní Minneapolis, ìlú mìíràn ní Amẹ́ríkà, ti aládùúgbò tún lágbára jù bẹ́ẹ̀ lọ nígbà kan rí. Ẹni tí ó bá fẹ́ sin adìẹ níláti mú ìwé tọ àwọn tí ń gbé láàárín ẹsẹ̀ bàtà 100 sí i lọ. Bí a bá kó ilé 10, ilé 8 gbọdọ̀ fọwọ́ sí i. Ẹni tí ó ti bá aládùúgbò jà rí, ẹ̀yin ẹ rò ó wò!

Ní oṣù kẹta ọdún 2025, lẹ́yìn tí àrùn adìẹ ti mú kí ẹyin wọ́n, owó ẹyin 12 ju dọ́là 6 lọ ní Amẹ́ríkà. Ọkàn ọ̀pọ̀ ènìyàn tún padà sí ẹ̀hìnkùlé. Ṣùgbọ́n pákó ilé adìẹ, owó ni. Àgbàdo, owó ni. Àrùn náà kò sì yọ adìẹ ẹ̀hìnkùlé sílẹ̀.

Tèmi tán. Ó ku tiyín: àkùkọ ta ni ó ń jí yín láàárọ̀?