Iyọ̀ Inú Ẹ̀jẹ̀: Kí Ni Ìwé Èsì Ń Sọ fún Wa?

 

Ọ̀pọ̀ nínú wa tó ń tajà ní Ṣágámù àti Ìkẹ́nnẹ́ ló ń lo oògùn ìfúnpá. Bí dókítà OOUTH Ṣágámù tàbí ti Babcock n'Ílíṣàn bá ní ká lọ yẹ ẹ̀jẹ̀ wò, a ó rí ìlà kan tí wọ́n kọ Na sí nínú èsì. Sódíọ̀mù nìyẹn, èyí tó wà nínú iyọ̀ ọbẹ̀. Níbi púpọ̀, láàárín 135 sí 145 ló yẹ kó wà. Bí ẹlòmíì bá wá rí 128, á ní, "Iyọ̀ mi ti dín, ẹ bù sí i!" Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀.

Ẹ wo ọbẹ̀ tó wà lórí iná. Bó bá níyọ̀ jù, ó lè jẹ́ iyọ̀ la dà jù, ó sì lè jẹ́ omi ló gbẹ. Bó bá tẹ́, àbí omi kọ́ ló pọ̀ jù? Bẹ́ẹ̀ náà ni nọ́ńbà yẹn: bí iyọ̀ ṣe rí sí omi ló ń sọ. Àrùn kíndìnrín, àrùn ọkàn, èébì, ìgbẹ́ gbuuru, títí kan oògùn tó ń mú wa tọ̀, lè fà á wálẹ̀. Ẹni tí omi ti pọ̀ lára rẹ̀, tó tún wá ń lá iyọ̀, ara rẹ̀ á máa wú sí i ni.

140 náà ń tan èèyàn jẹ. Iyọ̀ àjẹjù a máa mú kí ara fa omi mọ́ra. Nọ́ńbà á dúró dáadáa, ìfúnpá á máa gòkè. Èsì tó dáa kì í ṣe ìwé àṣẹ láti da hóró Maggi mẹ́fà sínú ọbẹ̀ o. WHO, àjọ ìlera àgbáyé, ní kí iyọ̀ àgbàlagbà má tó gíráàmù 5 lójúmọ́. Bíi ṣíbí tíì kan ni, iyọ̀ inú Maggi sì wà níbẹ̀.

Ẹ ó rántí oṣù kẹjọ ọdún 2014, nígbà Ẹ́bólà, tí fóònù ń dún lóru pé ká fi omi iyọ̀ wẹ̀, ká sì mu ún. WHO kéde lóṣù yẹn pé, ó kéré tán, ìròyìn ikú méjì ti wá láti Nàìjíríà lórí omi iyọ̀ mímu. Iyọ̀ tó pọ̀ nínú ẹ̀jẹ̀ lójijì a máa fa omi kúrò nínú ọpọlọ.

Bí orí bá ń fọ́ ẹni tó ń lo oògùn, tó ń bì, tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ ń dàrú, tàbí tí gìrì gbé e, ẹ má dúró de ọjọ́ tí dókítà dá. Ọsibítù ni lójú ẹsẹ̀. Ẹ kó gbogbo oògùn ilé dání, àti àgbo náà, kí wọ́n rí ohun tó ń mu.