Láti Ìsàlẹ̀ Èkó dé Súrùlérè: Owó Ta Ni Wọ́n Kò Kà?



Ọdún 1955 ni mo fẹ́ ká padà sí. Ọdún náà ni ìjọba fọwọ́ sí i pé kí àjọ ìdàgbàsókè ìlú Èkó, LEDB (Lagos Executive Development Board), wó àárín Erékùṣù Èkó, nǹkan bí 70 éékà, kí wọ́n sì tún un kọ́. Ìdí wà níbẹ̀, ẹ má jẹ́ ká tan ara wa. 1928 ni wọ́n dá àjọ yẹn sílẹ̀, lẹ́yìn tí àrùn tí eku ń gbé kiri ti ń pa ará Èkó láti 1924. Ilé há mọ́ra, gọ́tà dí. Òmìnira sì ń bọ̀, àwọn aláṣẹ kò fẹ́ kí àlejò bá páànù tó ti dípẹtà ní Èkó, olú-ìlú ìgbà náà.

Wọ́n ní kí àwọn tí ilé wọn wó kó lọ sí Súrùlérè, ní òdìkejì ọ̀sà. Wọ́n kọ́ ilé síbẹ̀, wọ́n sì dín owó rẹ̀ kù. Síbẹ̀, àwọn ará Erékùṣù fárígá. Ó rọrùn láti pè wọ́n ní aláìlajú, àmọ́ Peter Marris, onímọ̀ àwùjọ kan láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, wọ ilé wọn, ó bi wọ́n léèrè, ó sì gbé ìwé jáde lórí rẹ̀ ní 1961. Ohun tó bá níbẹ̀ yé ẹnikẹ́ni tí wọ́n bí sí agbo ilé.

Ẹ fojú inú wo ìyá kan ní ilé bàbá rẹ̀. Kò san owó ilé rí. Iwájú ìta ló ń pàtẹ sí, ọjà Jáńkárà kò jìnnà, ìyàwó àbúrò rẹ̀ ló ń bá a mójú tó ọmọ. Ẹ gbé e dé Súrùlérè: oṣù tó bá parí, owó ilé, ilẹ̀ tó bá mọ́, owó ọkọ̀. Oníbàárà rẹ̀ kò sì bá a kó lọ. Owó ilé nìkan ni ìjọba dín kù. Èyí tí ìyá yìí pàdánù kò sí nínú ìwé wọn.

Wọ́n tún ní onílẹ̀ lè ra ilẹ̀ rẹ̀ padà. Ilẹ̀ ẹbí ńkọ́? Owó gbà-má-bínú tí ogún ọmọ àti ọmọ-ọmọ pín, ta ni tirẹ̀ máa tó ra ẹsẹ̀ bàtà kan?

Ọmọ Èkó kò sì ṣàdédé mọ ẹ̀tọ́ rẹ̀. Ní 1921, Olóyè Olúwa, Àmọ́dù Tíjánì, gba ìdájọ́ ní Lọ́ńdọ̀nù lórí ilẹ̀ Àpápá tí ìjọba gbà: wọ́n ní ìdílé ló ni ilẹ̀, kí wọ́n sanwó rẹ̀ pé. Herbert Macaulay, olóṣèlú Èkó nì, ló bá a lọ sọ́hùn-ún. Ó dùn mí pé ọ̀pọ̀ ọmọ wa kò gbọ́ ẹjọ́ yìí rí.

Ọ̀rọ̀ ilé wíwó kò sì parí sí ayé ìgbà yẹn. Ní ọjọ́ 13 oṣù Kẹta 2019, ilé kan tí ilé-ìwé wà nínú rẹ̀ wó ní Ìta Fájì, ní Erékùṣù Èkó, àwọn ọmọ kéékèèké sì kú. Ìjọba bẹ̀rẹ̀ sí wó àwọn ilé tí wọ́n ti sàmì sí. Mo fara mọ́ ọn pé kí ilé eléwu wó. Àmọ́ kí wọ́n tó gbé katakata dé ẹnu ọ̀nà, kí wọ́n kọ́kọ́ kọ́ ilé mìíràn sí ẹ̀gbẹ́ ibẹ̀, ní erékùṣù yìí kan náà. Kí orúkọ ayálégbé àti ti ọmọ onílé wà nínú ìwé. Kí ìyá tó ń pàtẹ sì mọ ibi tí yóò pàtẹ sí lọ́jọ́ kejì.