Ọ̀nà Wo Ni Kí Ó Ṣáájú? Bí Ìgbìmọ̀ Ìrìnnà Ṣe Ń Ṣiṣẹ́, àti Ohun Tí Ó Kan Ìbàràpá Níbẹ̀

Wọ́n ní kí n wá sọ̀rọ̀ lórí ọ̀nà. Ẹ kò nílò ọ̀mọ̀wé tí yóò wá sọ fún yín ní Ayétẹ̀ pé kòtò wà lójú títì. Ohun tí mo wá sọ ni ohun tó yẹ kí ó ti ṣẹlẹ̀ kí kàtàpílà tó dé rárá: àwọn wo ló ń jókòó, kí ni wọ́n ń wò, báwo ni ẹnu wọn ṣe ń kò pé ọ̀nà tibí ni kí ó ṣáájú tọ̀hún.

Ẹ jẹ́ ká mú ìrìn àjò kan tí gbogbo yín mọ̀. Obìnrin kan ń rọbí ní Ìgángán, ọ̀rọ̀ náà le, wọ́n ní kí wọ́n máa gbé e lọ sí Ẹ̀rúwà, níbi tí olóògbé Dókítà Awójọbí dá ilé ìwòsàn rẹ̀ sílẹ̀ ní 1986, tí àwọn èèyàn sì ti ń wá iṣẹ́ abẹ wá láti ọ̀nà jíjìn. Ọkọ̀ tó gbé e yóò kúrò ní ìjọba ìbílẹ̀ Àríwá Ìbàràpá, ní ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ wa níbí, yóò la ti Àárín Gbùngbùn kọjá ní Ìdèrè àti Igbó-Ọrà, kí ó tó wọ Ìlà-Oòrùn Ìbàràpá. Ìjọba ìbílẹ̀ mẹ́ta, ìrìn àjò kan ṣoṣo. Aláboyún yẹn kò mọ ààlà, kòtò tó ń gbọ̀n ọ́n nínú ọkọ̀ kò mọ ààlà. Owó nìkan ló mọ̀ ọ́n. Káńsù kọ̀ọ̀kan ń ṣe bọ́jẹ́ẹ̀tì tirẹ̀ nínú ọ́fíìsì tirẹ̀, kò sì sí tábìlì kan tí àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ti ń jókòó bi ara wọn pé, ní ọdún yìí, ibo nínú ọ̀nà yìí ló ń pa èèyàn jù?

Bẹ́ẹ̀ náà ni ọ̀rọ̀ ẹ̀gẹ́. Ẹ̀gẹ́ tí a bá ti hú kì í ju ọjọ́ méjì sí mẹ́ta lọ tí yóò fi bẹ̀rẹ̀ sí í dúdú nínú. Bí ọkọ̀ bá rì sínú ẹrẹ̀ lọ́nà oko ní oṣù kẹsàn-án, àgbẹ̀ náà ti pàdánù lórí ohun tó ti gbìn, tó ti ro, tó ti hú. Kò sí àrùn tó kọlu oko rẹ̀. Ọ̀nà ló kọlù ú.

Ìṣirò tí àwọn iléeṣẹ́ ìjọba máa ń lò fi hàn pé ọ̀nà ilẹ̀ Nàìjíríà lápapọ̀ tó nǹkan bí 195,000 kìlómítà. Ti ìjọba àpapọ̀ jẹ́ nǹkan bí 32,000, ti àwọn ìpínlẹ̀ jẹ́ nǹkan bí 31,000. Gbogbo ìyókù, tó lé ní 130,000, ọwọ́ ìjọba ìbílẹ̀ ló wà. Ẹ wo bí ó ṣe rí: ìjọba tí owó rẹ̀ kéré jù, tí ẹnjinníà rẹ̀ sì kéré jù, ni a gbé nǹkan bí ìdá méjì nínú mẹ́ta ọ̀nà ilẹ̀ wa lé lórí. Nítorí náà, nígbà tí ẹnìkan bá ń bú káńsù, ó yẹ kí ó mọ ìwọ̀n ẹrù tí káńsù náà rù.

Àìbéèrè lọ́wọ́ wa kí wọ́n tó pinnu ibi tí ọ̀nà yóò gbà kò ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí àwọn òyìnbó bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ́ irin láti Èkó ní 1896, Abẹ́òkúta ni wọ́n gbà kí wọ́n tó gúnlẹ̀ sí Ìbàdàn ní 1901. Ní 1906 wọ́n la ọ̀nà mọ́tò àkọ́kọ́ ní ilẹ̀ Nàìjíríà, láti Ìbàdàn sí Ọ̀yọ́. Ẹ fi ojú inú wo àwòrán ilẹ̀ náà: Abẹ́òkúta ní gúúsù, Ìbàdàn ní ìlà-oòrùn, Ọ̀yọ́ lókè. Ìbàràpá wà nítòsí gbogbo wọn, irin àti mọ́tò sì gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá. Òwò àti ìṣàkóso tiwọn ni àwọn tó pinnu rẹ̀ ń rò. Mi ò bínú sí wọn lónìí. Ohun tó ń dùn mí ni pé a gba òmìnira tán, a sì ń bá àṣà yẹn lọ: ẹnìkan jókòó sí ibì kan, ó fa ìlà, a sì ń gbọ́ ọ lórí rédíò.

Ní Amẹ́ríkà pẹ̀lú, bẹ́ẹ̀ ló ṣe rí nígbà kan. Lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì, wọ́n la ọ̀nà ńláńlá gba àárín àdúgbò kọjá ní ọ̀pọ̀ ìlú, ilé àwọn aláwọ̀ dúdú ló sì máa ń bọ́ sójú ọ̀nà náà jù. Ní 1962 wọ́n ṣe òfin pé ìlú tí èrò rẹ̀ bá lé ní 50,000 kò ní rí owó ìjọba àpapọ̀ gbà fún ọ̀nà mọ́, àfi bí àwọn ìjọba tó wà ní agbègbè náà bá ń gbèrò pọ̀, tí èrò náà kárí gbogbo ọ̀nà ìrìnnà, tí kò sì dáwọ́ dúró. Agbègbè Washington dá ìgbìmọ̀ tirẹ̀ sílẹ̀ ní 1965, Transportation Planning Board ni wọ́n ń pè é. Kódà lẹ́yìn tí wọ́n ti dá a sílẹ̀, aráàlú ṣì ní láti jà. Ìjà yẹn ló jẹ́ kí wọ́n fagi lé afárá Three Sisters àti ọ̀pọ̀ nínú ọ̀nà ńláńlá tí wọ́n fẹ́ là, tí púpọ̀ nínú owó náà fi lọ sórí ọkọ̀ ojú irin Metro tó bẹ̀rẹ̀ sí í kó èrò ní 1976.

Mo mú Washington nítorí pé ààlà pọ̀ níbẹ̀ bí ó ṣe pọ̀ lọ́dọ̀ wa. Olú-ìlú dá dúró, Maryland wà lápá kan, Virginia wà lápá kejì. Ọmọ Yorùbá tó ń gbé ní Prince George's County ní Maryland, wọ́n sì pọ̀ níbẹ̀, lè máa ṣiṣẹ́ ní Virginia. Ìjọba mẹ́ta ni yóò tẹ̀ mọ́lẹ̀ kí ó tó dé ibi iṣẹ́.

Báwo wá ni ìgbìmọ̀ náà ṣe ń ṣe ìpàdé? Ọjọ́rú kẹta nínú oṣù ni. Àwọn tí aráàlú dìbò yàn ní ìlú kọ̀ọ̀kan wà níbẹ̀, aṣojú iléeṣẹ́ ọ̀nà ìpínlẹ̀ wà níbẹ̀, aṣojú àjọ tó ń darí ọkọ̀ ojú irin Metro wà níbẹ̀. Kí ọjọ́ náà tó pé, ìwé gbogbo ohun tí wọ́n fẹ́ jíròrò ti wà níta fún ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ kà á. Àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ ti ṣe ìpàdé tiwọn ṣáájú, wọ́n ti yẹ ìṣirò wò. Bí ìpàdé ńlá bá wá bẹ̀rẹ̀, ọ̀rọ̀ aráàlú ni wọ́n kọ́kọ́ ń gbọ́. Ìbẹ̀rẹ̀ ni o, kì í ṣe ìparí nígbà tí ẹnu ti kò tán, tí wọ́n á wá bi àwọn èèyàn bóyá wọ́n ní ìbéèrè. Lẹ́yìn náà ni wọn yóò gba àkọsílẹ̀ ìpàdé tó kọjá wọlé, wọn yóò gbọ́ àbọ̀ àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ, wọn yóò gbọ́ ti ìgbìmọ̀ agbaninímọ̀ràn tí aráàlú lásán jókòó sí, kí wọ́n tó dìbò.

Ìwé méjì ni ẹ̀mí gbogbo iṣẹ́ yẹn. Ọ̀kan ń wo iwájú, ọdún tó ń wò kò sì gbọdọ̀ dín ní ogún. Ìkejì kéré, òun ló sì le jù: orúkọ iṣẹ́ tí wọn yóò ṣe láàárín ọdún mẹ́rin, pẹ̀lú owó rẹ̀. Iṣẹ́ tí orúkọ rẹ̀ kò bá sí nínú ìwé yẹn kò lè gba owó ọ̀nà lọ́dọ̀ ìjọba àpapọ̀, ẹni yòówù tó bá fẹ́ ẹ. Wọn kò sì gbọdọ̀ kọ orúkọ iṣẹ́ tí wọn kò lè tọ́ka sí ibi tí owó rẹ̀ yóò ti wá. Bí wọ́n bá fẹ́ yọ ohun kan tàbí fi òmíràn kún un, ìlànà wà fún un, gbangba ni wọ́n sì ti ń ṣe é.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ dúró díẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ yìí. Ìgbìmọ̀ yẹn kò ní kàtàpílà, kì í gbé iṣẹ́ fún agbaṣẹ́ṣe, kì í da ọ̀dà. Agbára rẹ̀ kò ju pé ó ń kọ orúkọ ọ̀nà tẹ̀lé ara wọn, ní gbangba, pẹ̀lú iye owó tó wà nílẹ̀ lóòótọ́. Agbára yẹn gan-an ni a kò ní. Àwa máa ń ní ìlérí púpọ̀, a sì máa ń ní ìfilọ́lẹ̀ iṣẹ́ tó kún fún ìlù. Ìwé tí ọ̀nà kìn-ín-ní ti ṣáájú èkejì, tí aráàlú lè mú dání bi alága léèrè, ni a kò ní.

Èkó gba ọ̀nà mìíràn. Wọ́n ṣe òfin tó dá LAMATA, àjọ ìrìnnà Èkó, sílẹ̀ ní 2002, Báńkì Àgbáyé sì fi awin 100 mílíọ̀nù dọ́là ti iṣẹ́ ìrìnnà ibẹ̀ lẹ́yìn. LAMATA ń gbèrò, ó sì tún ń ṣiṣẹ́ náà. Nígbà tí bọ́ọ̀sì BRT bẹ̀rẹ̀ ní oṣù kẹta ọdún 2008, láti Mile 12 dé CMS, ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù àwọn ọmọ ẹgbẹ́ awakọ̀ NURTW wà lára àwọn tó wa bọ́ọ̀sì náà. Mo fẹ́ràn ìyẹn. Ẹni tí ètò tuntun lè gba oúnjẹ lẹ́nu rẹ̀ ni wọ́n fún ní àyè nínú ètò náà. Iṣẹ́ ojú irin búlúù bẹ̀rẹ̀ nígbà ìjọba gómìnà Fáṣọlá, ó la ti Àḿbọ̀dé kọjá, èrò kò sì wọ̀ ọ́ títí di ọjọ́ kẹrin oṣù kẹsàn-án ọdún 2023, lábẹ́ Sanwó-Olú. Ó pẹ́, ó pẹ́ jù. Síbẹ̀ kò kú, nítorí pé inú ìwé ló wà, kò sí nínú orí gómìnà kan.

Ìbàràpá kò nílò LAMATA, a kò ní owó rẹ̀. Irú ti Washington ló bá wa mu, tí kò ní ju tábìlì kan, ìwé kan, àti ìpàdé tí ọjọ́ rẹ̀ kì í yẹ̀. Òfin ilẹ̀ wa kò sì dí wa lọ́nà. Ẹ ṣí ìwé òfin 1999 sí abala keje, ìpín kẹta: ojúṣe ìjọba ìbílẹ̀ ni láti kópa nínú ìgbèrò ọrọ̀ ajé àti ìdàgbàsókè agbègbè rẹ̀, kí ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ìpínlẹ̀ sì fi òfin dá ìgbìmọ̀ ìgbèrò sílẹ̀ fún un. Àfikún kẹrin ìwé náà ka gáréèjì àti ọjà, ọ̀nà àti gọ́tà mọ́ iṣẹ́ káńsù. Ní ọjọ́ kọkànlá oṣù keje ọdún 2024, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ dájọ́ pé kí owó ìjọba ìbílẹ̀ máa dé ọwọ́ ìjọba ìbílẹ̀ tààrà. A sì ti jọ wà pọ̀ rí: inú ìjọba ìbílẹ̀ kan ni gbogbo Ìbàràpá wà tẹ́lẹ̀. 1996 ni wọ́n dá Àríwá Ìbàràpá sílẹ̀, tí Ayétẹ̀ di ibùjókòó rẹ̀. Pípín wa kò burú, ó mú ìjọba súnmọ́ wa. Àìkọ́wọ̀ọ́rìn ejò ló ń jẹ ejò níyà.

Kí káńsù mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yan àwọn tí yóò jókòó. Alága mẹ́ta, ẹnjinníà wọn, ẹnìkan láti iléeṣẹ́ ìjọba ìpínlẹ̀ tó ń mójú tó ọ̀nà. Kí awakọ̀ wà níbẹ̀, kí ọlọ́kadà wà níbẹ̀ ní tirẹ̀, nítorí òun ló mọ ọ̀nà oko tí mọ́tò kò lè wọ̀. Kí ìyálọ́jà wà níbẹ̀, kí nọ́ọ̀sì tàbí agbẹ̀bí wà níbẹ̀. Kí wọ́n sì máa pe àwọn ará ìpínlẹ̀ Ògùn, torí ọ̀nà Igbó-Ọrà sí Abẹ́òkúta kò parí síbi tí ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ parí sí, Abẹ́òkúta sì súnmọ́ ọ̀pọ̀ nínú wa ju Ìbàdàn lọ. Àjọ DAWN tó jókòó sí Cocoa House ní Ìbàdàn, tó jẹ́ ti ìpínlẹ̀ mẹ́fẹ̀ẹ̀fà ní gúúsù ìwọ̀-oòrùn Nàìjíríà, lè bá wọn pe irú ìpàdé bẹ́ẹ̀.

Iṣẹ́ wọn àkọ́kọ́ ni kíkà. Kí wọ́n ka ọkọ̀, ọ̀kadà àti ẹrù ní ọjọ́ ọjà Tọ́wọ́bọ̀wọ́ ní Igbó-Ọrà, kí wọ́n tún kà á ní ọjọ́ tí kì í ṣe ọjọ́ ọjà. Kí wọ́n kà á nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, kí wọ́n kà á nígbà òjò. Kí wọ́n bi awakọ̀ pé, níbo lo ti ń bọ̀, níbo lò ń lọ, kí lo gbé. Ilé ẹ̀kọ́ gíga wà ní Igbó-Ọrà, ó wà ní Ẹ̀rúwà, ó wà ní Lánlátẹ̀. Bírò àti ìwé ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ nílò fún iṣẹ́ yìí.

Mo mọ̀ pé ẹ ó ní owó kò sí. Ṣé ẹ mọ̀ pé ní 1994, Báńkì Àgbáyé ṣe ìṣirò pé bí ilẹ̀ Áfíríkà bá ti ná bílíọ̀nù dọ́là 12 sórí títún ọ̀nà ṣe lásìkò, kì bá ti pàdánù bílíọ̀nù 45 sórí títún wọn là láàárín ọdún mẹ́wàá? Gọ́tà tí a kó ìdọ̀tí rẹ̀ kúrò ṣáájú òjò, kòtò tí a dí nígbà tó ṣì kéré, ni ìwé iṣẹ́ ọdún mẹ́rin tiwa máa kọ́kọ́ kún fún, ìyẹn kò sì ju agbára káńsù lọ. Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ sì wà nínú ètò RAAMP, ti ọ̀nà ìgbèríko, tí Báńkì Àgbáyé fi owó sí. Nígbà tí irú owó bẹ́ẹ̀ bá dé, agbègbè tó ti ka ọkọ̀ rẹ̀, tó ti to ọ̀nà rẹ̀, ni yóò ní ohun tó máa gbé sílẹ̀.

Ibi tó ṣòro ni mo fi sí ìkẹyìn. Ó ṣeé ṣe kí wọ́n kà á tán, kí ìṣirò sì fi hàn pé afárá kan lápá Lánlátẹ̀ ni kí ó ṣáájú ọ̀nà Ayétẹ̀. Kábíyèsí, ẹ̀yin àgbà, ṣé a ó gbà? Ṣé káńsẹ́lọ̀ wa lè padà délé láti ìpàdé yẹn, kí ó sọ ọ́ fún àwọn tó dìbò fún un, láìsí pé a pè é ní ọ̀dàlẹ̀? Èmi gbà pé a lè gbà á, bí ó bá jẹ́ pé ojú wa ni wọ́n ṣe kà á, tí ọdún tí yóò kan Ayétẹ̀ sì wà nínú ìwé kan náà, tí gbogbo alága mẹ́tẹ̀ẹ̀ta fọwọ́ sí i.