Ogbó Nìkan Kì Í Fọ́jú

Ẹ̀yin ọmọ Yorùbá tó wà ní Bilbalogo, ní Ouagadougou níbí, ni ẹ ní kí n wá sọ̀rọ̀ lórí ojú. Ọ̀rọ̀ ojú pọ̀, ẹyọ kan ni mo mú níbẹ̀: rẹ́tínà, awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tó tẹ́ sí ẹ̀yìn inú ẹyinjú, tí ìmọ́lẹ̀ ń bà lé kí ọpọlọ tó mọ ohun tí ojú rí. Nígbà tí ìríran bá ń lọ, ìdáhùn méjì ló máa ń wà lẹ́nu wa. Bí ẹni náà bá ti dàgbà, a ó ní ọjọ́ orí ni. Bí kò bá tíì dàgbà, a ó ní ọwọ́ ayé ni. Lọ́pọ̀ ìgbà, méjèèjì kò jẹ̀bi.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ fún ogbó ní tirẹ̀. Oríṣi sẹ́ẹ̀lì méjì ló ń gba ìmọ́lẹ̀ fún wa nínú rẹ́tínà. Èyí tí a fi ń ríran nínú òkùnkùn ni àwọn onímọ̀ ń pè ní rod. Ó tó mílíọ̀nù 120 nínú ojú kan. Cone ni a fi ń mọ àwọ̀, òun náà ni a fi ń kàwé, kò sì ju bíi mílíọ̀nù 6 lọ. Ní 1993, Christine Curcio àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Amẹ́ríkà gbé ìwádìí kan jáde. Wọ́n ka sẹ́ẹ̀lì wọ̀nyí nínú ojú àwọn tó ti kú, láti orí ọ̀dọ́ títí dé ẹni 90 ọdún. Cone tó wà ní àárín rẹ́tínà kò fẹ́rẹ̀ẹ́ dín kù rárá, ṣùgbọ́n nínú àwọn rod ibẹ̀, bíi ìdá 30 nínú ọgọ́rùn-ún ti lọ. Ẹ wo ìyá àgbà tó bá ti inú oòrùn ọ̀sán wọ inú ṣọ́ọ̀bù. Á dúró lẹ́nu ọ̀nà, á fọwọ́ wá ògiri, á máa béèrè pé ta ló wà níbẹ̀ yẹn. Ogbó nìyẹn. Bí wọ́n bá gbé àga fún un síbi tí ìmọ́lẹ̀ wà, á fi gíláàsì rẹ̀ ka Bíbélì tàbí Kùránì rẹ̀. Agbára ogbó nìkan kò fẹ́rẹ̀ẹ́ ju ìyẹn lọ.

Lẹ́yìn àwọn sẹ́ẹ̀lì agbàmọ́lẹ̀ yìí ni ìlà sẹ́ẹ̀lì dúdú kan wà, tí kò nípọn ju sẹ́ẹ̀lì ẹyọ kan lọ. Èmi ò mọ òṣìṣẹ́ mìíràn nínú ara tí wàhálà rẹ̀ pọ̀ tó báyìí. Rod kọ̀ọ̀kan ní bíi ẹgbẹ̀rún kan àwo fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tó tò léra wọn, ara àwo yìí sì ni ohun tó ń gba ìmọ́lẹ̀ wà. Bí tuntun ṣe ń hù nísàlẹ̀ ni ti òkè ń gbó. Láàárọ̀, bí ilẹ̀ bá ti ń mọ́, rod á já èyí tó gbó dànù, sẹ́ẹ̀lì dúdú á sì gbé e mì. Richard Young ló la bí àwo yìí ṣe ń di tuntun yé wa ní Amẹ́ríkà ní 1967. Láàárín bíi ọjọ́ mẹ́wàá, gbogbo àwo náà ti di tuntun. Sẹ́ẹ̀lì dúdú kan ṣoṣo ló ń ṣe èyí fún bíi ọgbọ̀n agbàmọ́lẹ̀, tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, kì í sì í bí òmíràn rọ́pò ara rẹ̀. Èyí tó ń ṣiṣẹ́ lójú ẹni 70 ọdún, láti kékeré ló ti ń bá a bọ̀.

Ohun tí sẹ́ẹ̀lì dúdú ń gbé mì kì í dà tán. Bí eérú inú àdògán tí wọ́n ń dáná sí lójoojúmọ́ tí ẹnikẹ́ni kì í kó, èérí kan ń pọ̀ sí i nínú rẹ̀ láti ọdún dé ọdún. Lipofuscin ni wọ́n ń pè é, ó sì máa ń tàn bí dókítà bá tan ìmọ́lẹ̀ búlúù sí ẹ̀yìn ojú. Lábẹ́ sẹ́ẹ̀lì náà, ọ̀rá àti pàǹtí mìíràn ń gbá jọ. Kò sí àgbà tí kò ní díẹ̀ níbẹ̀. Ìgbà tí sẹ́ẹ̀lì dúdú bá kú ló di àrùn, torí àwọn agbàmọ́lẹ̀ tó gbára lé e kò ní pẹ́ tẹ̀lé e. Àárín ìríran á ṣú. Ẹni náà á rí aṣọ àti fìlà ẹni tó ń bá a sọ̀rọ̀, kò ní dá ojú rẹ̀ mọ̀. Ìlú òyìnbó ni èyí ti ń ṣọṣẹ́ jù. Láàárín àwa aláwọ̀ dúdú kò pọ̀ tó bẹ́ẹ̀, nítorí náà, ẹ jẹ́ kí a dé orí tiwa.

Ní Burkina Faso tí a jókòó sí yìí, ogbó kọ́ ló sọ àwọn abúlé etí odò Volta Funfun, tó ń jẹ́ Nakambé báyìí, di ahoro. Eṣinṣin dúdú kékeré tó ń yé sínú omi tó ń sáré ló ń ki aràn bọ ènìyàn lára, àwọn ọmọ aràn náà á sì rìn dé ojú. Ní 1945, Harold Ridley, dókítà ojú ọmọ Gẹ̀ẹ́sì tí ogun gbé dé Gold Coast, kọ̀wé lórí ohun tó rí lẹ́yìn ojú àwọn ará Funsi ní àríwá Ghana: ibi tí sẹ́ẹ̀lì dúdú ti kú lọ salalu. Aràn nìkan sì kọ́ ló ń pa á. Àwọn onímọ̀ rí i pé puròtéènì kan lára aràn jọ èyí tó wà nínú sẹ́ẹ̀lì dúdú. Àwọn ọmọ ogun ara tó ń lépa aràn lè wá kọjú ìjà sí ojú tí wọ́n ń gbèjà. Wọ́n gbà pé ọ̀kan lára ìdí nìyẹn tí ojú àwọn kan fi ń bàjẹ́ lọ lẹ́yìn tí oògùn ti pa àwọn ọmọ aràn. Ouagadougou níbí ni olú iṣẹ́ ètò tí wọ́n fi gbógun ti àrùn yìí wà, láti 1974 títí di 2002. Hẹlikópítà ń da oògùn eṣinṣin sódò, láti 1987 sì ni ilé iṣẹ́ Merck ti ń fi oògùn Mectizan tọrẹ. Wọ́n ṣírò rẹ̀ pé ètò náà gba 600,000 ènìyàn lọ́wọ́ ìfọ́jú.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ọ̀rọ̀ yín ló kàn. Nílé ní Nàìjíríà, bí ẹ bá fẹ́ ṣègbéyàwó, pásítọ̀ á béèrè jẹ́nótáìpù. AS àti AS ni gbogbo wa ń sá fún. Ta ló ń béèrè AC, èyí tó ní C dípò S? Burkina Faso àti àríwá Ghana ni C ti pọ̀ jù lọ láyé, ibà ló sì fà á. Ní 2001, David Modiano àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé ìwádìí tí wọ́n ṣe lára 4,348 Mossi jáde: ewu àìsàn ibà fi ìdá 29 nínú ọgọ́rùn-ún dín fún ẹni tó jẹ́ AC, ó sì fi ìdá 93 dín fún CC. Ní Nàìjíríà, àárín àwa Yorùbá ni C ti wọ́pọ̀ jù. Bí a bá ré odò Ọya kọjá sí ìlà-oòrùn, ó ti di ọ̀wọ́n. Yorùbá tó jẹ́ AS, tó fẹ́ ọmọ Mossi tó jẹ́ AC ní Bilbalogo, tàbí ọmọ Yorùbá tó jẹ́ AC ní Ìbàdàn, nínú oyún kọ̀ọ̀kan, ìdá kan nínú mẹ́rin ni pé ọmọ náà á jẹ́ SC.

SC kì í sábà dá ènìyàn gúnlẹ̀ bí SS. Ẹ̀jẹ̀ kì í tán lára rẹ̀ tó bẹ́ẹ̀, ìrora rẹ̀ kì í wá léraléra, àwọn mìíràn á dàgbà tán kí wọ́n tó mọ̀ pé àwọn ní in. Ojú ló ti ń gbẹ̀san. C ń gbẹ omi inú sẹ́ẹ̀lì pupa, S inú rẹ̀ á wá ki, sẹ́ẹ̀lì náà á ká kọ́rọkọ̀rọ. Ẹ̀jẹ̀ SC sì nípọn ju ti SS lọ, kì í ṣàn geere. Ní bèbè rẹ́tínà lọ́hùn-ún, níbi tí òpó ẹ̀jẹ̀ ti tín-ín-rín jù, ọ̀nà á dí. Àwọn sẹ́ẹ̀lì tí kò rí atẹ́gùn gbà á tú èròjà kan tó ń jẹ́ VEGF sílẹ̀, èyí tó ń pe òpó tuntun jáde. Ì bá jẹ́ ìgbàlà, ṣùgbọ́n ẹlẹgẹ́ ni òpó náà, ó ń jò, ó sì ń hù kúrò lára rẹ́tínà bọ́ sínú omi kíki tó kún ẹyinjú. Ọjọ́ tó bá bẹ́, ohun dúdú á máa léfòó níwájú ẹni náà, tàbí kí ojú ọ̀hún ṣú lẹ́ẹ̀kan. Bí àpá ibẹ̀ bá sún kì, ó lè fa rẹ́tínà já kúrò níbi tó lẹ̀ mọ́. Ní Jàmáíkà, níbi tí wọ́n ti tọ ipasẹ̀ àwọn ọmọ láti ìgbà ìbí, nígbà tí wọ́n fi máa tó ẹni ọdún 24 sí 26, ìdá 43 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn SC ló ti ní òpó burúkú yìí. Ìdá 14 ni ti SS. Ẹni ọdún 25 tó sùn láìṣàìsàn, tó jí tí ojú kan kò ríran mọ́, ta ni kò ní sọ pé ọwọ́ ayé ni?

Ẹ sì ṣọ́ra fún àyẹ̀wò. Test d'Emmel, tí wọ́n máa ń ṣe ní àwọn orílẹ̀-èdè tó ń sọ Faransé, kò lè rí C. Bóyá sẹ́ẹ̀lì ń ká nìkan ló ń sọ. AS àti SC, èsì kan náà ni. Électrophorèse ni kí ẹ béèrè.

Àrùn ojú kan ṣì kù, glaucoma, mi ò ní pẹ́ lórí rẹ̀. Sẹ́ẹ̀lì tó ń gbé ìròyìn láti rẹ́tínà lọ sí ọpọlọ ló ń pa, láìdunni, láti ẹ̀gbẹ́ ìríran wọ àárín. Ìwádìí tí wọ́n ṣe káàkiri Nàìjíríà láàárín 2005 sí 2007 fi hàn pé ìdá 5 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn tó ti pé 40 ọdún ló ní in. Nínú wọn, ẹni kan nínú márùn-ún ti fọ́jú, kò sì tó 6 nínú ọgọ́rùn-ún tó mọ̀ pé òun ní in. Bí bàbá tàbí ìyá yín bá ní in, ẹ má dúró de ewú orí.

Sẹ́ẹ̀lì rẹ́tínà tó bá ti kú, kò tíì sí oògùn tó ń jí i ní ilé ìwòsàn kankan. Èyí tó kù ni wọ́n lè gbà là: laser lè mú òpó SC gbẹ kó tó bẹ́, oògùn ẹ̀kán sì lè fa ọwọ́ glaucoma sẹ́yìn. Ẹ̀bẹ̀ tí mo wá bẹ̀ yín kò pọ̀. Ọmọ yín tó bá jẹ́ SC, bó bá ti pé ọdún 10, ẹ mú un lọ sọ́dọ̀ dókítà ojú, kí wọ́n kán oògùn tó ń la ẹyinjú sí i, kí wọ́n sì wo rẹ́tínà rẹ̀ dé bèbè. Ẹ máa mú un padà lọ, kódà bí ó bá ń ríran kedere.